Ìka Tó Gé Ṣáòtù

3.

…tàbí tí ẹ bá fẹ́ ká bá yín kí lánlọ́ọ̀dù yín, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ kíá!

Ohùn atọ́kùn ètò nìyẹn, lórí rédíò, láàárọ̀. Ọ̀rẹ́ ẹnu ẹ̀ ni ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn gíláàsì ni Bọ́tìnì jókòó sí. Òun ló ń ṣí máìkì fún un, òun náà ló ń pa á. Gbogbo ìlú ló ti gba ṣáòtù lẹ́nu obìnrin yìí, àfi Bọ́tìnì.


4. ÀLÀYÉ

Ṣáòtù: kí wọ́n pe orúkọ ẹ síta gbangba, kí àwọn tó ń fojú pa ẹ́ rẹ́ gbọ́.

Kò ṣeé rà.

(Irọ́ ni. Ó ṣeé rà. Èyí tí wọ́n rà ni kì í dùn.)


5. ÀWỌN TÓ GBÀ Á LÁNÀÁ

Bíríkìlà kan àti ìyàwó ẹ̀ tuntun.
Àwọn nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́.
Ajá kan.

Ajá o!


6. LÓRÍ FÓÒNÙ

MÀMÁ: Ṣé lóòótọ́ lo ń ṣiṣẹ́ ní rédíò?

BỌ́TÌNÌ: Mọ́mì, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀.

MÀMÁ: Ìyá òkè tá a jọ ń gbélé ní irọ́ ni mò ń pa. Ó ní òun ò gbọ́ orúkọ ẹ rí.

BỌ́TÌNÌ: Ọ̀la ni màá ṣe é kẹ́yìn. Mo ti rí iṣẹ́ mìíràn. Atọ́kùn ti ṣèlérí, á dárúkọ mi. Ẹ pe ìyá òkè wá síwájú rédíò.

MÀMÁ: Má dójú tì mí o.


7. LÁRA ÒGIRI

TÍ AAGO BÁ TI LÙ, ÌRÒYÌN NI. ẸNI YÒÓWÙ KÓ MÁA SỌ̀RỌ̀, Ẹ PA MÁÌKÌ Ẹ̀.

Bọ́tìnì ló kọ ọ́.


8.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, atọ́kùn yìn ín. Ó ní ọwọ́ ẹ̀ yá, kì í pẹ́ lẹ́yìn, kì í gbàgbé. Ó yìn ín títí ojú fi ń ti Bọ́tìnì, inú ẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn.

“Ẹ jẹ́ n wá dárúkọ ẹ̀ fún yín. Orúkọ ẹ̀ ni—”

Aago lù.

Ìka Bọ́tìnì pa máìkì. Kò tiẹ̀ bi í léèrè.


9.

Yéè! Ọwọ́ yìí!


10.

Lẹ́yìn gíláàsì, ẹnu atọ́kùn ṣì ń mì.


11. LÓRÍ FÓÒNÙ

BỌ́TÌNÌ: Mọ́mì, ẹ má bínú.

MÀMÁ: Ìyá òkè pariwo pé, “Ta ló gé e?” Mo ní, “Ọmọ mi ni! Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn!” Mo fò sókè.

BỌ́TÌNÌ: Ṣé ó ti wá gbà?

MÀMÁ: Kò gbà. Ṣé o ò lè padà lọ lọ́la, kó o tún gé ẹlòmíràn?


12. Ọ̀LA

Aago lù.