Orúkọ Apànìyàn Tí Eulalia Tà

Òjò òtútù ti ń rọ̀ sórí Montevideo láti àárọ̀, síbẹ̀ gbọ̀ngàn gbànjo náà kún dẹ́nu. Àwọn ayàwòrán ti gbé àwòrán wọn kọ́ ara ògiri, àwọn òǹkọ̀wé sì ti to ìwé àfọwọ́kọ wọn sórí tábìlì; ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ ni gbogbo owó tí wọ́n bá pa ń lọ. Eulalia Bentancor, tí ilé tí kò ní ìwé ìtàn ọ̀daràn rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní ìlú náà, kò gbé ohun àfojúrí kankan wá. Orúkọ ló ń tà. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù ni yóò sọ ẹ̀dá-ìtàn kan lórúkọ nínú ìwé tí ó ń kọ lọ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, orúkọ alásè ilé ìtura kan ló tà, owó náà kò sì jọjú. Lọ́dún yìí, orúkọ apànìyàn ló gbé sílẹ̀. Ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni yóò já sí: ẹnì kan yóò fi orúkọ àna rẹ̀ síbẹ̀, gbogbo ilé yóò sì rẹ́rìn-ín.

Ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì àkàrà ìyẹ̀fun tí wọ́n ń dín lọ́jọ́ òjò ni Graciela Pírez ti wá bá a, kí gbànjo tó bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, orúkọ yòówù lẹ sọ, àbí?"

"Orúkọ yòówù, ọmọ mi. Ta lo fẹ́ bà jẹ́? Ọkọ àtijọ́ ni?"

"Nelson Irigaray."

Igbá maté, tíì ewé ilẹ̀ wọn, tí Eulalia ń gbé lọ sẹ́nu dúró lójú ọ̀nà. Dókítà Irigaray, ọ̀gá àwọn olùwádìí tí wọ́n ń torí wọn náwó, ló jókòó níwájú lọ́hùn-ún tó ń bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Òun ló yọ jẹjẹrẹ kúrò ní ọmú Eulalia. Òun kan náà ló fi ìkánjú fọwọ́ kan kókó tó wà ní ọmú Mirta, àbúrò Graciela, tó ní kò sí nǹkan níbẹ̀, kí ó máa lọ sílé. Kí ọdún tó yípo, wọ́n ti sin Mirta.

"Ọkùnrin yẹn ló jẹ́ kí n ṣì máa mí."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Mo ti ta mọ́tò Mirta, Màmá. Owó ẹ̀ ni mo gbé wá."

Kò dúró gba èsì.

Nígbà tó kan orúkọ náà, onígbànjo fi òòlù kékeré rẹ̀ gbá tábìlì. "Apànìyàn tuntun rèé o, kò tíì pa ẹnì kankan. Ta ló máa mú un lọ sílé?"

Olówó màlúù kan na ọwọ́, ó ní ìyá ìyàwó òun ni ipò náà tọ́ sí. Graciela pe owó tó ju tirẹ̀ lọ, ó sì jókòó. Lórí pèpéle, Eulalia gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Bí ó bá kọ̀, ó ti yẹ àdéhùn níwájú gbogbo ènìyàn, owó ìwádìí yóò sì bọ́. Bí kò bá kọ̀, ó ti sọ olóore rẹ̀ di apànìyàn lójú gbogbo ilẹ̀ náà.

Nígbà náà ni Dókítà Irigaray na ọwọ́, tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Orúkọ èmi fúnra mi ni màá fi síbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè mí ní èèyàn rere, ó ti sú mi."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọkàn Eulalia fúyẹ́ díẹ̀. Bí dókítà bá borí, orúkọ kan náà ni yóò wọ inú ìwé, àmọ́ àwàdà ni yóò jẹ́. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ ju òun àti Graciela lọ. Ó bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀. Graciela fi owó lé e. Dókítà fi kún un. Graciela tún fi kún un. Nígbà tí dókítà tún na ọwọ́, Graciela kò na tirẹ̀ mọ́. Owó mọ́tò ti tán.

"Ó ń lọ o," onígbànjo wí. "Ó ń lọ lẹ́ẹ̀kejì. Ìyáàfin, ṣé ẹ ti gbà fún dókítà?"

Graciela ń wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí wọ́n ń fi òkú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Òòlù gbéra. Eulalia rí ojú náà, ó sì mọ̀ pé bí òòlù bá balẹ̀ báyìí, òun kò ní lè kọ ìwé náà parí.

"Ẹ dúró," ó ní. "Dókítà, orúkọ kan náà ni ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ rà."

Ẹ̀rín kú. Dókítà yíjú sẹ́yìn sí Graciela. "Orúkọ mi kẹ̀? Kí ni mo ṣe fún yín, Ìyáàfin?"

"Èmi kọ́," Graciela dáhùn. "Mirta Pírez."

Ó pẹ́ kí dókítà tó rántí, gbogbo ènìyàn ló sì rí ìgbà tí ó rántí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó wò ó bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀.

"Mo ti yọwọ́," ó sọ fún onígbànjo. "Ẹ tà á fún wọn."

Òòlù balẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Graciela gun pèpéle, ó sì dúró ti Eulalia títí tí ìyẹn fi kọ orúkọ náà sílẹ̀.

"Ẹ kọ orúkọ bàbá ẹ̀ náà mọ́ ọn," ó ní. "Kẹ́ ẹ má gé e kúrú."

Ní ẹnu ọ̀nà, dókítà ń wọ kóòtù òjò rẹ̀ nígbà tí Eulalia bá a. Ọkùnrin náà kò wo ojú rẹ̀.

"Àyẹ̀wò yín di Ọjọ́bọ̀."

"Dókítà, mi ò lè yọ orúkọ náà—"

"Ẹ tètè dé," ó ní. "Mi ò ní kánjú lọ́tẹ̀ yìí."

Ó sì ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sínú òjò.