Ọjọ́ Karùndínlọ́gbọ̀n Ẹ̀jẹ́ Rinsi

Bí oṣù Ọ̀pẹ ti ń gorí ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni ara Rinsi kò balẹ̀ mọ́. Ọdún kẹrin rẹ̀ nìyí ní ìlú Osh, ní ilẹ̀ òkèèrè tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, níbi tí ó ti ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún bàbá rẹ̀ nílé ní Kerala, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí bàbá bá dìde, òun yóò gba ààwẹ̀ ọjọ́ márùndínlọ́gbọ̀n tí àwọn ènìyàn òun máa ń gbà ṣáájú Kérésìmesì, láìyẹ ẹsẹ̀ kan: ẹran kò ní kan ẹnu òun, tàbí ẹja, tàbí ẹyin, tàbí wàrà, títí òun yóò fi gba ara Olúwa lọ́wọ́ àlùfáà ní ọjọ́ náà gan-an. Bàbá dìde. Ó wá ku kí ọmọ san ẹ̀jẹ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ iṣẹ́ ni ọjọ́ náà ní Osh, ìdánwò àfẹnuṣe sì ni ilé-ẹ̀kọ́ fi sí i. Àlùfáà kan ṣoṣo tí yóò ti ìlú Jalal-Abad wá yóò ṣe Máàsì ní agogo méjìlá ọ̀sán, nínú ilé kékeré kan lẹ́yìn ibùdókọ̀, yóò sì padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí Rinsi bá pàdánù rẹ̀, kò sí òmíràn.

Ó tọ Burul Asanovna lọ, olórí ẹ̀ka wọn, ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún tí kì í gbójú sókè bí ó bá ń fọwọ́ síwèé. Ó tọrọ ọjọ́ ìsinmi nítorí ọdún Kérésì.

"Kérésì kẹ̀?" Obìnrin náà na ìka sí kàlẹ́ńdà ara ògiri. "Ọjọ́ keje oṣù kìn-ín-ní ni. Wò ó, pupa ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọjọ́ yẹn náà làwọn ará Rọ́ṣíà àdúgbò mi ń ṣe é. Àbí ìwọ lo máa wá kọ́ mi?"

Rinsi ṣàlàyé títí, ó sú u. Burul ní ẹnì kan kì í ní ọjọ́ ìbí méjì. Ó ní bí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ọdún akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dé, àti pé ọ̀kan nínú àwọn tí ń bá Rinsi gbélé ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrọ àyè láti sin ìyá àgbà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Níkẹyìn àánú ṣe é, ó fún un ní ìwé àyè fún ọjọ́ keje oṣù kìn-ín-ní, ó sì lu òǹtẹ̀ sí i. Ilé-ẹ̀kọ́ kì í kúkú ṣí lọ́jọ́ náà. Rinsi mú ìwé náà jáde bí ẹni tí a fún ní agboòrùn nínú ọyẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ìkùukùu dá ọkọ̀ òfuurufú ọ̀jọ̀gbọ́n tí ń ti Bishkek, olú-ìlú, bọ̀ wá dán wọn wò dúró, agogo mẹ́wàá sì lù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Rinsi dáhùn, ó yege. Bí ó ti ń wá ẹ̀wù òtútù rẹ̀ ni Burul dì í lápá mú, ó di inú ọ́fíìsì.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí ìyá náà sùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti fi hàn án pé òní gan-an ni ìdajì ayé ń ṣe Kérésì. Nítorí náà ó jí ní ìdájí, ó se ẹran àgùntàn, ó din búrẹ́dì kéékèèké, ó tẹ́ tábìlì. Ó mú Rinsi jókòó sí àyè iyì, ó sì gbé egungun ìbàdí tí a fi ń bọlá fún àlejò obìnrin sínú àwo rẹ̀. Àwọn olùkọ́ mẹ́fà, àti ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó dá ìdánwò dúró díẹ̀ nítorí àsè, ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kì í kọ egungun tí a fi orúkọ rẹ̀ gé.

Rinsi ní òun yóò dì í lọ fún àwọn tí àwọn jọ ń gbélé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń di ẹran àsè.

"Èyí tó bá ṣẹ́ kù là ń dì relé," ni Burul wí. "Kọ́kọ́ jẹ tìrẹ lójú mi."

"Ẹ fi ọmọ sílẹ̀," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Ẹ̀rù ń bà á kí n má tún bi í ní orúkọ egungun náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Agogo mọ́kànlá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Rinsi na àtẹ́lẹwọ́ bo àwo náà.

"Ẹ má bínú, mà. Mo wà nínú ààwẹ̀. Ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́ lórí bàbá mi ni. Mi ò lè jẹ ẹran àfi tí mo bá ti gba ara Olúwa lọ́wọ́ àlùfáà, agogo méjìlá ló sì máa ṣe é."

Ẹ̀rín dá. Burul Asanovna kò pa ààwẹ̀ Ràmàdáánì jẹ rí, àní ní ọdún tí ó fi wà lórí ibùsùn àìsàn.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, mà."

"Ìsinmi lo wá tọrọ lọ́wọ́ mi." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "O ò sọ pé ààwẹ̀ ni. Ta ló ń bá aláàwẹ̀ jiyàn lórí kàlẹ́ńdà?"

Ó fa aṣọ kan bo ẹran náà, ó sì kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan títí Rinsi yóò fi padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n, tí kò tíì jẹun láti òwúrọ̀, rọra sọ pé òun kò sí nínú ààwẹ̀.

"Ẹ ti wà níbẹ̀ báyìí," ni Burul dá a lóhùn.

Yìnyín ti mú ojú ọ̀nà yọ̀, takisí ń rọra wọ́ lọ, Rinsi kò sì lè fẹ̀yìn ti àga. Máàsì ti dé ìdajì kí ó tó wọlé: ìyá arúgbó mẹ́rin àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta. Ó kúnlẹ̀, ó gba ara Olúwa. Fún ọjọ́ márùndínlọ́gbọ̀n ni ó ti ń rò pé wákàtí yìí ni ọkàn òun yóò balẹ̀, tí òun yóò jókòó pẹ̀sẹ̀, tí òun yóò pe bàbá. Ṣùgbọ́n bí ó ti dijú, tábìlì ni ó rí, àti ojú ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò kúrò lára aṣọ tí a fi bo ẹran.

Ìbùkún ìkẹyìn ṣì wà lẹ́nu àlùfáà nígbà tí ó ti ń de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà bi í wúyẹ́wúyẹ́ pé níbo ni ó ń sá lọ lọ́jọ́ Kérésì.

"Ebi ń pa àwọn kan dè mí, Màmá," ni ó wí, ó sì ti bọ́ sójú títì, ó ń na ọwọ́ sí ọkọ̀ gbogbo tí ń kọjá.