Ẹsẹ̀ Tí Wọn Ò Gé

"Sístà, ẹsẹ̀ mélòó ni wọ́n gé lábúlé yìí lọ́dún tó kọjá?"

Losalini ò gbójú sókè. Ẹsẹ̀ Makereta, ìyá àgbà tí gbogbo abúlé ń pè ní Búbù, ló wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi aṣọ gbígbẹ nu àárín àwọn ọmọ-ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹyọ kan ò sí."

"Lọ́dún yìí ńkọ́?"

"Kò sí."

Ọ̀gbẹ́ni Nilesh, tí ọ́fíìsì rán wá láti ìgboro, mí kanlẹ̀. "Ohun tó ń dà wá láàmú gan-an nìyẹn."

Losalini wá gbójú sókè wàyí. Ó rò pé òun ò gbọ́ dáadáa.

Ọdún méje ló ti fi ṣe nọ́ọ̀sì ní Naivuniwai, láàárín oko ìrèké. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, kò sọ́dún tí wọn kì í gbé èèyàn mẹ́jọ, mẹ́sàn-án lọ sílé ìwòsàn ńlá pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì, kí wọ́n tó gbé wọn padà pẹ̀lú ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gé ẹsẹ̀ ọkọ Búbù, ọdún náà ò sì parí tó fi kú. Àtọ̀gbẹ ti pa ẹsẹ̀ wọn kú. Ìṣó á gún èèyàn, kò ní mọ̀, àfi ìgbà tó bá ń rùn. Losalini wá lọ ṣa dígí ara ọkọ̀ tó ti kọṣẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ó so wọ́n mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó pín wọn káàkiri ilé, pé kí kálukú máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ wò láràárọ̀. Bó bá di Ọjọ́rú, wọ́n á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Losalini á fọ ẹsẹ̀ wọn, á gé èékánná wọn, á rọra ha ibi tí awọ bá ti yi.

"Ẹ wò ó, Sístà." Nilesh yí kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ ọwọ́ rẹ̀ sí i. "Egbò tí ẹ dì, èèyàn tí ẹ dá dúró fún ìtọ́jú, ẹsẹ̀ tí wọ́n gé. Ohun tí wọ́n ń bi wá nìyí, gbogbo àlàfo yín ló sì ṣófo. Lójú àwọn tó wà lókè, ẹ ò ṣiṣẹ́. Ní ilé ìwòsàn ńlá, èèyàn mẹ́rìnlélógún ni wọ́n gé lẹ́sẹ̀ lóṣù tó kọjá nìkan, kò sì sí nọ́ọ̀sì tó máa tọ́jú ojú egbò wọn. Ibẹ̀ lẹ̀ ń lọ láti ọjọ́ Ajé."

"Nítorí pé mi ò jẹ́ kí wọ́n gé e níbí, lẹ ṣe fẹ́ gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń gé e?"

"Kì í ṣe èmi o."

"Ta wá ni? Ẹ pè é fún mi kí n bá a sọ̀rọ̀!"

"Kò sẹ́nì kan pàtó, Sístà. Fọ́ọ̀mù ni."

"Ẹsẹ̀ tó ṣì wà lára ẹni tó ni ín ńkọ́? Níbo ni kí n kọ ìyẹn sí?"

"Kò sí àlàfo fún un." Nilesh wọ̀tún wòsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Awọ tó yi tí ẹ̀ ń ha yẹn, tí ẹ bá pè é légbò, ogójì egbò lọ́sẹ̀ kan, ta ló máa gbé yín kúrò? Mò ń bá yín wá ọ̀nà ni."

Jagannath, àgbẹ̀ ìrèké tó ń dúró kó kàn án, bú sẹ́rìn-ín. "Sístà, ẹ kọ tèmi ní mẹ́ta! Tí wọ́n bá wá yẹ̀ ẹ́ wò, àdá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, màá dá egbò sí i lójú ẹsẹ̀!"

"Jagan, panu mọ́!" ni Búbù jágbe. Ó yíjú sí Nilesh. "Ìwọ náà, ṣé ìwé tó o kà tó o fi wọ sòkòtò yẹn nìyí?"

Losalini gba kọ̀ǹpútà náà. Irọ́ náà kò le. Ìka kan ló máa tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá kọ ogójì egbò, ohun tí wọ́n máa kà lókè ni pé dígí òun ò wúlò fún nǹkan kan. Abúlé mìíràn wo ló máa wá bèèrè rẹ̀?

Ó tẹ òdo. Ó buwọ́ lù ú.

"Ọjọ́rú ni kí wọ́n fi ṣe ọjọ́ ìsinmi mi. Màá máa wọ bọ́ọ̀sì wá."

"Wọn kì í fúnni ní Ọjọ́rú níbẹ̀," ni Nilesh wí, kò sì lè wojú rẹ̀. "Èèyàn ò tó."

Búbù ti ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà rẹ̀, ó dìde.

"Jagan, wá jókòó. Bọ́ bàtà ẹ."

"Ẹ̀yin, Búbù?"

"Ta lo tún rí níbí? Ọdún méjì ni mo ti ń wo ọwọ́ obìnrin yìí." Ó wá dúró ti Losalini lórí. "Dìde fún mi."

Losalini dìde lórí àpótí. Ìyá àgbà jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ ọkùnrin náà lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àárín àwọn ọmọ-ìka rẹ̀ wò láti orí àtàǹpàkò. Ó fo àárín ìka méjì kan. Losalini ti na ọwọ́ kó tó fà á padà. Búbù fúnra rẹ̀ padà síbẹ̀, ó la àwọn ìka méjì náà, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Kí ló gé ọ níbí?"

"Níbo? Nǹkan kan ò gé mi."

"Ẹ̀jẹ̀ nìyí. Sístà, wá wò ó."

Losalini bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ó kéré, kò sì tíì wú. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó di ọ̀kan mú pẹ̀lú èkejì.

"Mo ti rí i, Búbù. Kí lẹ fẹ́ kọ́kọ́ ṣe sí i?"