Àròkọ Tí O Kọ Lẹ́bàá Ààrò

Tíṣà Abọ́sẹ̀dé ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, obìnrin kúkúrú tó ń kọ́ àwa àgbàlagbà ní ìwé lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí. Ó ní kí a tó kọ nǹkan, kí a kọ́kọ́ wò ó. Kí a wò ó títí ojú yóò fi tì í. Bí ojú bá ti tì í, yóò fi ohun tó gbé pamọ́ hàn wá. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí nígbà yẹn. Mo di pẹ́ńsù mú bí ẹni di ọrùn adìyẹ mú, kó má baà fò lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn náà ni mo fi ń kọ́ ọ, Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ ọmọ mi. Ọdún ti gorí ọdún. O ti di ìyálé ilé ní ìlú òkèèrè, o ti bí ọmọ tí kò mọ òórùn gbágùúdá. Ṣùgbọ́n nínú mi, ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn kò tíì ṣú. Oòrùn rẹ̀ ṣì wà lókè. O ṣì jókòó lórí àpótí onígi, ẹsẹ̀ rẹ ṣì funfun fún ìyẹ̀fun.

Àgọ́ gàrí wa wà létí odò Òfíkì. Ó ní òrùlé, kò ní ògiri. Atẹ́gùn ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó ń jáde láìdágbére. Agbada méjì wà lórí ààrò méjì: èmi ń yan tèmi, Ìyá Sàlámọ̀tù ń yan tirẹ̀. Èéfín ń gòkè, èéfín ń sọ̀ kalẹ̀, èéfín ń wá ojú tí yóò wọ̀. Ìwé àjákọ rẹ wà lórí itan rẹ. Ọ̀la ni ìdánwò.

Ọ̀la ni ìdánwò tí yóò gbé ọ dé ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin, èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn, tó ń jí níbẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ nìyí. Kò sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọ tó bá ti ju ọdún méjìlá lọ jókòó ṣe é, o ó sì pé mẹ́tàlá kí iṣu tuntun tó jáde.

Àròkọ ló bì ọ́ ṣubú ní èṣí. Tíṣà ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ kọ ọ̀kan sójú pátákó, ó ní kí gbogbo yín kọ́ ọ sórí. Àròkọ náà dùn. Ọkọ̀ àbúrò bàbá gbéra ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́, ẹyẹ ń kọrin, wọ́n dé Èkó, wọ́n rí òkun. Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n láti ìlú wa ló kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀. Wọn kò mú ẹnì kankan nínú yín.

Ìyá Sàlámọ̀tù kò jẹ́ kí a gbàgbé. Ó ní, ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo! Ó ní, Ìyá Rẹ̀mí, ẹ bá mi wá àbúrò bàbá yẹn rí, mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọkùnrin tó lè kó gbogbo ọmọ ìlú lọ wo òkun kò lè jẹ́ ahun. Mo rẹ́rìn-ín. Ìwọ kò rẹ́rìn-ín.

Mo fún ọ ní orí ọ̀rọ̀: Ibi tí mo mọ̀ jù. O kọ ọ́ kíá, o nà án sí mi. Mo ń kà á bí mo ṣe máa ń kàwé, ìka lábẹ́ ọ̀rọ̀, ètè ń mì, bí ẹni tó ń tẹ òkúta kọjá odò. Ọkọ̀ àbúrò bàbá mi gbéra ní agogo mẹ́jọ àárọ̀. Mo dúró lórí òkúta yẹn, n kò lè lọ síwájú.

Mo ní, Rẹ̀mí, ṣé o ti rí òkun rí? O ní rárá, Màmá. Mo ní, ṣé bàbá rẹ tiẹ̀ ní àbúrò? O ní rárá, Màmá, àwọn ni àbígbẹ̀yìn. Ìyá Sàlámọ̀tù ká ọwọ́ lérí, ó ní, yéè, mo ti di opó kí n tó relé ọkọ!

O kò gbọ́ ẹ̀fẹ̀. Omi ti kún ojú rẹ. O ní kí ni kí o wá kọ? O ní ta ni yóò jókòó ka gàrí? Òkun lẹ́wà, gàrí kò lẹ́wà. Ìyá Sàlámọ̀tù ní òótọ́ ọmọ ni, kí ni ìjọba fẹ́ fi èéfín wa ṣe? Èmi náà ti fẹ́ kọ ohun tó lẹ́wà rí.

Mo kàn fa àpótí rẹ sún mọ́ ààrò. Mo ní kí o di ojú, kí o fetí sílẹ̀.

Gbọ́, ọmọ mi. Nígbà tí gàrí ṣì tutù nínú agbada, ìsàlẹ̀ ni ohùn rẹ̀ wà, ó wúwo: ṣà, ṣà, ṣà. Bí omi bá ti ń fà lára rẹ̀, ohùn náà á dìde jókòó: ṣa, ṣa, ṣa. Bó bá gbẹ tán, á na ọrùn sókè, á fúyẹ́: ṣá, ṣá, ṣá, bí òjò wẹ́wẹ́ lórí ewé gbígbẹ. Ẹni tó bá ń yan gàrí kì í wo agbada nìkan. Etí ló fi ń mọ̀ pé ó jinná.

O la ojú. O wo agbada. O wo iná. O wo àkúfọ́ igbá tí mo fi ń tì í síwá, tí mo fi ń fà á sẹ́yìn. O wò mí. O wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ni o tẹ orí ba ìwé, pẹ́ńsù rẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń lọ, ó ń dúró, ó ń lọ.

Mélòó ni n kò rí lọ́sàn-án ọjọ́ náà? Mo rí irun ọrùn rẹ tí ìyẹ̀fun bà lé. Mo rí eyín rẹ lórí ètè ìsàlẹ̀, bí ìyá rẹ ti máa ń ṣe bó bá ń di irun. Mo rí òjìji ewé tó ń fò lórí ojú ìwé. Ayé kò yára. Odò kò yára. Bí mo bá ní agbára, ibẹ̀ ni ǹ bá ti dá oòrùn dúró.

O na ìwé náà sí mi. Mo tẹ ìka lé e. Àgọ́ wa wà níbẹ̀, ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, àpá iná tó wà ní ọrùn ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń tẹ òkúta lọ. Lẹ́yìn náà ni mo dé ibi tí o kọ pé:

Màmá mi àgbà máa ń fi etí ìró nu ojú lójoojúmọ́. Wọ́n ní èéfín ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, a kì í dáná.

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ìka mi dúró lórí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, kò lọ, kò bọ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni ìyá rẹ kú, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. O pé oṣù mẹ́jọ, o ń rá lórí ẹní. Orúkọ rẹ ní kí n gba ìpẹ̀, kí n má sunkún mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi èéfín tan orúkọ rẹ jẹ. Mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, ó ti wò mí títí ojú fi tì mí.

Ìyá Sàlámọ̀tù ń pariwo. Ó ní, Ìyá Rẹ̀mí, gàrí ń jó o! Ogójì ọdún ni mo ti ń yan gàrí, èyí ló kọ́kọ́ jó mọ́ mi lọ́wọ́. N kò dìde. O ní, Màmá, ṣé kí n pa á rẹ́? Ohùn rẹ kéré. Ẹ̀rù ń bà ọ́.

Mo mọ̀ nígbà náà. Ọmọ tó lè kọ èyí, wọn yóò mú un. Bí wọ́n bá sì mú un, ta ni yóò jókòó lórí àpótí yìí? Mo ní ọ̀nà méjì. Mo lè ní kí o pa á rẹ́, kí o padà sọ́dọ̀ òkun, kí o sì wà lọ́dọ̀ mi.

Mo ní, fi í sílẹ̀. Mo ní, bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí o ṣe kọ̀wé lọ́la.

Wọ́n mú ọ. Ní gbogbo ìlú wa, ìwọ nìkan. Ní oṣù Kẹsàn-án, àwa méjèèjì dúró lẹ́nu géètì ilé-ẹ̀kọ́ náà, àpótí páànù rẹ wà láàárín wa. Ìyáàfin kan pe orúkọ rẹ láti inú ìwé. O jẹ́ ẹ. O kúnlẹ̀ fún mi, o gbé àpótí rù, o wọlé. Mo la ẹnu láti pè ọ́, mo pa á dé. Bàtà tuntun rẹ ń dún lórí òkúta wẹ́wẹ́, kò, kò, kò. O ń lọ, ó ń dún. O ń lọ, ó ń jìnnà. Kò, kò, kò. O kò wẹ̀yìn.