Ilẹ̀kùn Funfun Lára Ọkọ̀ Tó Ti Pọ́n

Eyín tuntun lẹ́nu arúgbó. Orúkọ tí télọ̀ pe ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ nìyẹn, ojú ẹni tó kùn ún gan-an ló sì ti pè é bẹ́ẹ̀.

"Ẹ tún un pè," ni Ojú Àwòdì wí. Ó ti gbé ìbọn ọ̀dà tó fi ń fín ọkọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá mọ obìnrin náà mọ̀ pé tó bá ti gbé nǹkan ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀, ẹnu ló fẹ́ fi ṣiṣẹ́.

"Mo ní eyín tuntun lẹ́nu arúgbó! Gbogbo ara ọkọ̀ mi ti pọ́n, ilẹ̀kùn yìí nìkan ló funfun báláú. Ṣebí ẹ sọ pé n kò ní mọ ibi tó ti tẹ̀ wọnú?"

Ọkọ̀ náà ti dàgbà lóòótọ́. Funfun ni nígbà tó wà ní tuntun, ṣùgbọ́n oòrùn àti òjò ti bá a ṣeré títí ó fi pọ́n bí ojú ìwé àtijọ́. Télọ̀ ló fi ilẹ̀kùn gbá òpó géètì ilé ara ẹ̀. Àbúrò Ojú Àwòdì, tó ń lu ara ọkọ̀ ní ìsọ̀ kan náà, ló lu ibi tó tẹ̀ wọnú jáde. Ẹ̀gbọ́n wá po ọ̀dà, ó fín in. Fífín kì í ṣe wàhálà. Wàhálà ni kí ọ̀dà tuntun jọ èyí tó ti gbó: funfun gbọ́dọ̀ gba yẹ́lò díẹ̀, kó tún gba dúdú tí kò tó omijé eèrà. Ojú ló ń wọ̀n ọ́n. Ojú yẹn ni gbogbo àdúgbò fi sọ ọ́ lórúkọ, pé ó mú bíi ti àwòdì.

"Télọ̀," ó ní, "tí mo bá wá kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń rán apá ẹ̀wù, ṣé ẹ máa gbà? Tí àwọ̀ méjèèjì yìí bá fi tó irun imú yàtọ̀ síra, màá ju ìbọn ọ̀dà yìí sí kànga lónìí, n kò sì ní kun nǹkan kan mọ́ láyé mi!"

Òòlù àbúrò ẹ̀ dákẹ́. Ó mọ̀ pé itọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun bá ti tu sílẹ̀, kì í padà gbé e mì.

Ojú Àwòdì súnmọ́ ọkọ̀. Ó di ojú òsì, ó fi ọ̀tún wo ilẹ̀kùn, ó fi wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Bí ọ̀gá ẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn: ojú méjì a máa jiyàn, ojú kan ló ń dájọ́. Lóòótọ́, tó bá la méjèèjì, ilẹ̀kùn náà a máa kọ yẹ̀rì bákan, ṣùgbọ́n ìtànṣán oòrùn ló kà á sí. Ojú ọ̀tún ní kò sí ẹjọ́. Àwọ̀ kan náà ni.

Télọ̀ ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa òwú rírán méjì yọ. Ó gbé ọ̀kan lé ilẹ̀kùn, òwú náà rá mọ́ ọn lára. Ó gbé ìkejì lé ara ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, òun náà rá. Ó wá kó méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà.

"Iṣẹ́ tèmi náà nìyí. Èwo ló funfun jù?"

Ó tún di ojú òsì. "Òwú kan náà lẹ gé sí méjì, ẹ fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín."

"Ẹ̀gbọ́n," àbúrò ẹ̀ rọra sọ, "ọ̀kan yẹ́lò o."

Wọ́n retí èébú, èébú kò jáde. Tí ẹ̀rù bá ń ba àbúrò òun, kì í lè purọ́, ẹ̀rù sì ń bà á báyìí. Kí ló wá rí tí òun ò rí? Ó wo òwú náà títí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún, ó fi òsì wò ó.

"Yéè!"

Ọ̀kan funfun bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là lóko, ìkejì pọ́n. Ó bo òsì: ìbejì ni wọ́n. Ó bo ọ̀tún: wọn ò bára tan. Ó sáré dé ibi ọkọ̀, ó ń bò, ó ń ṣí, bí ọmọ tó rí ohun ìṣeré. Ó wo síńgílẹ́ẹ̀tì àbúrò ẹ̀: lójú ọ̀tún, bí ẹni da tíì sí i, lójú òsì, ó mọ́ fínnífínní.

"Àṣé o máa ń fọ aṣọ!"

Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò tíì tán tí ojú òsì fi kan géètì ìsọ̀. Apá kan pọ́n, apá kejì ń tàn yòò.

"Ta ló kun ìranù yìí?"

Àbúrò ẹ̀ wolẹ̀. "Ẹ̀yin ni. Lóṣù tó kọjá."

"O rí i?"

"Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló rí i."

"Ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló fẹ́ sọ fún ẹkùn pé ó ń tiro?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ju ti eyín arúgbó lọ. Ó wo ìbọn ọ̀dà, ó wo apá ibi tí kànga wà. Télọ̀ ló kọ́kọ́ fọhùn: "Èmi ò ní kí ẹ jù ú o! Ilẹ̀kùn ni mo ní kí ẹ tún kùn."

"Kànga ò ṣẹ̀ mí, n kò ní ba omi ẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti sọ̀rọ̀." Ó na ìbọn náà sí àbúrò ẹ̀. "Títí dókítà ojú á fi wò mí, ìwọ ni wàá máa fín. Èmi á máa po ọ̀dà, ìwọ náà á sì wò ó. Tí kò bá jọra, sọ."

"Kí n sọ?"

"Sọ ọ́. Màá bú ọ o, ṣùgbọ́n sọ ọ́."

Ó fi àkísà di ojú ọ̀tún. Ó kán yẹ́lò sínú funfun, ó rò ó, ó fi díẹ̀ kun páànù kékeré kan, ó dúró kó gbẹ, torí ọ̀dà tútù irọ́ ló ń pa. Ó gbé e ti ara ọkọ̀.

"Ó kù díẹ̀," ni àbúrò ẹ̀ wí, ó sì sá sẹ́yìn.

"Ọ̀dẹ̀! Òótọ́ lo sọ." Ó tún kán an.

Ọ̀sán ti ń pọ́n kí páànù náà tó rá mọ́ ara ọkọ̀ tí wọn ò rí etí ẹ̀ mọ́. Wọ́n fín ilẹ̀kùn náà. Nígbà tó gbẹ, télọ̀ gba òwú méjèèjì padà, ó gbé èyí tó pọ́n lé e, òwú náà wọlé sínú ẹ̀ bí ẹja ṣe ń wọ omi. Ó ń kó àwọn òwú ẹ̀ padà sápò ni obìnrin náà di ọwọ́ ẹ̀ mú.

"Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ fún mi. Mò ń gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́la."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe lọ́hùn-ún?"

"Mo fẹ́ mọ ẹni tó kun ojú mi láìbi mí léèrè, àti irú ọ̀dà tó lò. Onítọ̀hún ò tiẹ̀ mọ iṣẹ́: àwọ̀ ẹ̀ ò bá èkejì mu!"