Ìdájọ́ Bàbá Adérógbà

"Má tíì kọ ìyẹn," ni Bàbá Adérógbà wí, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìwé náà.

Olúwafúnmiláyọ̀ gbé bírò rẹ̀ sókè. Yunifásítì ló rán an wá láti kọ ìtàn Ìpín Ìwọ̀-Oòrùn, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ béésìbọ́ọ̀lù tí àwọn iléeṣẹ́ Sàngó-Ọ̀tà ń san owó oṣù fún nígbà kan. Láti àárọ̀ ni iṣẹ́ náà ti ń lọ déédéé. Bàbá ti ṣe rẹfirí wọn rí, ó sì rántí ohun gbogbo. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀ ní 1996: ti ọ̀dà, ti bisikíìtì àti ti irin. Nígbà tí iléeṣẹ́ bisikíìtì kó lọ sí Igbesa, ó kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ dání. Iléeṣẹ́ ọ̀dà kógbá sílé, ṣọ́ọ̀ṣì sì ra ọgbà rẹ̀. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń po ọ̀dà nígbà náà ni wọ́n jókòó sí yìí, láàárín àwọn àga ike.

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé ẹgbẹ́ irin ló gba ife ọdún 2004, bàbá."

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Èmi ni mo fún wọn. Mo fẹ́ gbà á padà."

Ọ̀ṣìnúbí, tó jókòó tì wọ́n, tó sì ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ọ̀dà kó tó di díákónì nínú ọgbà kan náà, yíjú sí i.

Bàbá kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ní nígbà tí eré àṣekágbá ọdún náà kù díẹ̀ kó parí, ọmọ òun, Ayọ̀rìndé, tó wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dà, sáré yí pápá ká bọ̀ ní ibùdó ìkẹyìn. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ kan ibùdó, ẹgbẹ́ ọ̀dà ló gba ife. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù kàn án lára, áótì ni, ó tán. Ọmọ náà fi ìdí wọ́lẹ̀, eruku sì bo gbogbo wọn.

"N kò rí nǹkan kan," ni Bàbá wí. "Mo kàn pariwo pé áótì. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má sọ pé mo gbè sẹ́yìn ọmọ mi."

Ayọ̀rìndé kò bá a sọ ọ́ rí. Bàbá náà kò bi í. Ṣé bàbá ni yóò máa wí àwíjàre níwájú ọmọ? Ó rò pé àkókò ṣì wà. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin ló mú ọmọ náà lọ, oṣù kẹta sì rèé tí wọ́n sin ín.

"Kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ ọ̀dà ló gba ife. Mo rẹ́ ọmọ mi jẹ."

Ọ̀ṣìnúbí bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ má bínú, sà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Áótì pátápátá ni!"

"O fẹ́ tù mí nínú ni."

"Bàbá, ife tèmi náà lẹ fẹ́ gbé fún mi yìí, mo sì ní kì í ṣe tiwa! Nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn, gbogbo wa ń bú yín, ẹ forí jì wá. Mo ní, 'Ríndé, bàbá ẹ yìí, ṣé wọn ò gbé ẹ pààrọ̀ lọ́síbítù?' Ló bá ká ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sókè. Ibi tí wọ́n ti fi bọ́ọ̀lù gbá a níhà ti wú kúdúrú. Ó ní, 'Ẹ fi bàbá mi sílẹ̀. Kí n tó nasẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti kàn mí.' Ó tún wá ń fi yín yangàn! Ó ní rẹfirí tó lè pe ọmọ ẹ̀ ní áótì lójú gbogbo Ọ̀tà, kò sí irú ẹ̀."

Bàbá wá wò ó lójú.

"Ìhà wo?"

"Ọ̀tún, sà."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé eré náà, ọwọ́ òsì ni Ayọ̀rìndé fi ń gbé korobá omi wọlé, tí omi ń dà sílẹ̀ kiri. Bàbá ti rò pé ìbínú ni. Ó ti bá a wí pàápàá.

"Kí ni kí n wá kọ, bàbá?" ni Olúwafúnmiláyọ̀ béèrè.

"Ẹgbẹ́ irin."

Ó mí kanlẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga. Gbogbo ọdún tí ọmọ náà fi dákẹ́, kò gbé ọ̀rọ̀ kankan sínú. Kò ní nǹkan kan láti sọ ni.