Llevar Nínú Ṣòkòtò Awakọ̀

Ẹ̀rù ọmọ ọdún mẹ́fà ń ba Ìyá Aránṣọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni o, ọmọ tí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin bí sí òkè òkun, tí kò fojú kàn rí. Èdè Sípéènì nìkan ló wà lẹ́nu ọmọ ọ̀hún, ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì ń bọ̀.

"Bó bá sá fún mi ńkọ́?" Ohun tó ń dà á láàmú nìyẹn láti oṣù tó kọjá, tó fi lọ bẹ Tíṣà tó ń gbé òkè ilé pé kó kọ́ òun lédè náà.

Tíṣà ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo làwọn máa fi bẹ̀rẹ̀: llevar. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ń ṣe! Bí èèyàn gbé báàgì dání, llevar ni. Bó wọ aṣọ, llevar ni. Bó mú ọmọ lọ síléèwé, òun náà ni. Kódà, bó bá fẹ́ sọ bó ṣe pẹ́ tó tóun ti wà lẹ́nu nǹkan, llevar náà ni.

"Ṣé ọ̀rọ̀ mìíràn tán nílùú wọn ni?" Ìyá Aránṣọ béèrè. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ ọ ní gbólóhùn tó ń fẹ́: Llevo seis años esperándote. Ó ti di ọdún mẹ́fà tí mo ti ń retí rẹ.

Ìyá Aránṣọ kì í lo ìwé. Ìwọ̀n àyà o, ìwọ̀n itan o, inú aṣọ tó bá wà níwájú rẹ̀ ló ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí. Ibẹ̀ náà ló kọ gbólóhùn yìí sí. Ó rán aṣọ tán, ó lọ̀ ọ́, ó sì gbé e fún awakọ̀ tó ni ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, ó la ẹnu: "Llevo..." Ó tán! Tíṣà ti rìnrìn àjò, fóònù rẹ̀ ò sì lọ. Ìyá Aránṣọ káwọ́ lérí. "Yéè! Ṣòkòtò awakọ̀!"

Ó sáré dé gáréèjì. Awakọ̀ náà jókòó sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣòkòtò ọ̀hún ló sì wọ̀.

"Bọ́ ṣòkòtò ẹ!"

"Ẹ̀n? Níbí, Ìyá?" Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín.

"Ó dáa, yí ìbàdí ẹ̀ síta kí n kà á. Mi ò ní pẹ́."

Òógùn ti ń pa ṣọ́ọ̀kì náà rẹ́, àmọ́ ó rí i kà. Ó ń wí i lẹ́nu bọ̀ wálé, kò dá ẹnikẹ́ni tó kí i lóhùn. Wọ́n rò pé inú ló ń bí i.

Nígbà tí mọ́tò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yìn bàbá rẹ̀ lọmọ náà sá pamọ́ sí.  Ìyá Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì sọ gbólóhùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn fọ́ sí mẹ́ta mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọmọ náà yọjú. Ó wò ó títí. Ló bá da ọ̀rọ̀ bolẹ̀, wàràwàrà! Ìyá Aránṣọ ò gbọ́ ìkankan níbẹ̀, àfi ìgbà tí ọmọ náà nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, tó ní: "¿Me llevas?"

Bàbá ọmọ sún mọ́ wọn. "Màmá, ohun tó ń sọ ni pé..."

"Ta ló bi ẹ́?" Ìyá Aránṣọ ti di ọwọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n ti ń lọ. "Gbé ẹrù yín wọlé jàre."